Wọ́n Ní Kí N Má Kọ Òjò Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ tó ń bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jókòó dáadáa. Bí mo bá sọ ọ́ ní kúkúrú, ẹ óò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, nítorí kò dùn létí bíi dókítà tàbí lọ́yà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń lọ wo àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti ń sin Ọlọ́run, tí mo sì ń kọ ohun tí mo rí sínú ìwé. Ó tán. Mo jẹun nídìí ẹ̀, mo tọ́ ọmọ mẹ́rin nídìí ẹ̀, mo sì tún fi í dáràn lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀ràn yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n ti ìbẹ̀rẹ̀ bọ̀.

Ìlọrà ni wọ́n bí mi sí, nílé mùsùlùmí. Sàlámátù lorúkọ mi. Ọmọ aládùúrà ni ọkọ tí mo fẹ́, ará Fìdítì, ìlú ọ̀pẹ òyìnbó. Ẹ má bi mí bá a ṣe ṣe é. Bí Iléyá bá dé, àwọn àna mi á wá jẹran nílé wa. Bí Kérésì bá dé, ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ lèmọ́mù á jókòó ti abọ́ ìrẹsì, ẹ ò ní í rí i kó dìde. Báyìí là ń gbé pọ̀ níhìn-ín, kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá nígbà tí wọ́n ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti yunifásítì ń wá ẹni tó lè kọ Yorùbá, tó sì lè rìn. Mo lọ, ó bi mí ní ìbéèrè méjì, ó gbà mí. Owó ẹ̀ ò pọ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Prọ́f la máa ń pe ọ̀gá mi yìí. Ẹ̀sìn ló ń kọ́ àwọn èèyàn nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlùfáà, kì í ṣe wòlíì. Kì í bèèrè pé ẹ̀sìn ta ló jẹ́ òótọ́. Kì í bèèrè pé àdúrà gbà tàbí kò gbà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé dání bí lèmọ́mù ṣe ń gbé tẹ̀sùbáà: "Kí ni nǹkan yìí ń ṣe láàrin àwọn èèyàn yìí?" Ó gbà pé bí àwọn èèyàn bá ń péjọ ṣe ohun kan lọ́dọọdún, láti ayé bàbá wọn, ohun náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe fún ìlú wọn, bí ẹnikẹ́ni kò tiẹ̀ sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Iṣẹ́ yẹn ló ń rán àwa tó gbà síṣẹ́ lọ wá.

Abúlé kan nítòsí Ìmíní ló kọ́kọ́ rán mi sí. Mi ò ní í dárúkọ abúlé náà, ẹ óò mọ ìdí ẹ̀ láìpẹ́. Wọ́n fẹ́ gbàdúrà òjò. Mùsùlùmí tò sápá kan pápá iléèwé, aládùúrà tò sápá kejì pẹ̀lú agogo wọn, Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wọn ń bẹ̀ lábẹ́ oòrùn. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára! Mo kọ ojú ìwé méjìlá. Mo kọ bí ohùn lèmọ́mù ṣe dùn, mo kọ bí ẹ̀mí ṣe gbé ìyá kan, mo wá fi gbólóhùn kan pa á dé: "Òjò sì rọ̀ ní ọjọ́ kẹta."

Prọ́f kà á tán, ó mú bírò pupa, ó fagi lé gbogbo ẹ̀. Ó fagi lé òjò náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Òjò kọ́ niṣẹ́ wa, Sàlámá. Ta ló wá?"

"Wọ́n pọ̀, sà."

"Mélòó ni púpọ̀? Ta ni kò wá? Ta ló dúró ti ta? Ta ló ń gbé omi fún ta? Ibí yìí lo ti kọ pé inú wọn dùn. Ìgbà wo lo wọnú wọn?"

Mo sunkún títí mo fi délé. Mo ní kèfèrí paraku lọkùnrin yìí, bí kì í bá ṣe kèfèrí, ta ló ń fagi lé òjò Ọlọ́run? Ẹ̀gbọ́n mi lèmọ́mù ló ní kí n padà lọ. Ó ní ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Prọ́f kò fi jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run kankan. Orúkọ ni mo ń kọ, àti ibi tí oníkálukú dúró sí. Tí mo bá kọ "àwọn kan," á ní, "Àwọn wo?" Tí mo bá kọ "wọ́n ní," á ní, "Ta ló ní bẹ́ẹ̀?" Ó kù díẹ̀ kí n máa lá àlá ìbéèrè.

Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ lojú mi ń là. Lọ́jọ́ kan ní Akínmọ̀ọ́rìn, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìjọ aládùúrà kan, mo ń kọ bàtà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Sálúbàtà tó ti já wà níbẹ̀, bàtà aláwọ tó ń dán wà níbẹ̀. Mo wá yọjú wọlé. Aṣọ funfun ni gbogbo wọn wọ̀, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi tẹlẹ̀, mi ò dá ẹni tó ni ilé alájà mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń gba iṣẹ́ oko ṣe lọ́wọ́ ẹ̀. Fún wákàtí mẹ́ta, ìlú náà ti di ọgbọọgba. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ ẹ̀ fún wọn bí kì í ṣe ẹ̀sìn. Ara mi bù máṣọ. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè wọ ilé ìjọsìn kankan láì kọ́kọ́ wo ilẹ̀.

Bírò àti ìwé ni irinṣẹ́ wa nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ fún wa, kinní náà wúwo bí ọmọ ọdún kan, bátìrì mẹ́fà ló ń jẹ. Mo tẹ ẹ́ fún bàbá arúgbó kan pé kó gbọ́ àdúrà tóun fúnra ẹ̀ gbà. Bàbá tẹ́tí, ó ń ṣe "Àmín! Àmín!" sí àdúrà ara ẹ̀, ó wá bi mí pé, "Ta lọkùnrin olóòótọ́ yìí?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Nígbà tó yá, fóònù gba ipò gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí lónìí, fóònù yín á ya fídíò, á gba ohùn, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní í bá yín rí ẹni tí kò wá.

Ẹ jẹ́ ká padà sí abúlé ẹ̀bá Ìmíní. Ọdọọdún ni mo ń lọ síbẹ̀, wọ́n ti sọ mí ní Ìyá Oníwèé. Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣà kan tí wọ́n ń pè ní Bùfúnmimu. Bí àdúrà òjò bá ku ọ̀la, ẹni tó bá ń bá ẹnì kan jà gbọ́dọ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà onítọ̀hún, kó sọ pé, "Bù fún mi mu." Onílé á bu omi sínú igbá, á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, á gbé e fún un. Ẹnikẹ́ni kì í dá ẹjọ́ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ẹni tí kò bá mu kò gbọdọ̀ dúró sórí pápá lọ́jọ́ kejì, nítorí wọ́n ní òjò kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn tó ń di ara wọn sínú. Ìyá arúgbó kan tí gbogbo abúlé ń pè ní Ìyá Àgbà ló ń rí sí i pé kò sẹ́ni tó kù.

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń kọ ọ́: ta ló mu omi lọ́dọ̀ ta. Mo tún ní ìwé mìíràn tí mo ń kọ àáró sí. Àáró ni kí ẹgbẹ́ kan jọ ro oko tìẹ lónìí, kí wọ́n ro tèmi lọ́la, nítorí kò sẹ́ni tó lè dá ẹgbẹ̀rún ebè kọ. Lọ́jọ́ kan, mo tẹ́ ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì Prọ́f. Orí mi wú! Àwọn tó mu omi lọ́wọ́ ara wọn, àwọn náà ló ń ro oko ara wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, orúkọ sí orúkọ. Lórí omi igbá kan ni gbogbo oúnjẹ abúlé náà dúró sí! Mo wo Prọ́f, ó bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní, "Ó dáa." Ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń sìn ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa yìn mí. Ó wá fi kún un pé, "Má tíì sọ fún wọn o."

Ṣé mo gbọ́? Ojú ara mi ni mo ti di ọ̀mọ̀wé. Lọ́dún kejì, lẹ́yìn tí wọ́n parí àdúrà, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ abúlé náà dìde láàrin èrò.

"Ìyá Oníwèé, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tẹ́ ẹ ti ń kọ wá sínú ìwé. Kí lẹ tiẹ̀ rí?"

Mo rò ó pé ẹ̀tọ́ wọn ni kí wọ́n mọ̀. Òótọ́ tún ni pé ó ń yún mi lẹ́nu. Mo dìde, mo tún gèlè mi ṣe, mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ rò pé òjò lẹ̀ ń tọrọ. Rárá o. Àáró lẹ̀ ń tún ṣe. Bùfúnmimu ló ń parí ìjà kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀. Bí òjò rọ̀, bí kò rọ̀, iṣẹ́ tí àdúrà yín ń ṣe ti parí kí ẹ tó dé pápá."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìyá Àgbà nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó mú ọ̀pá ẹ̀, ó ń lọ sílé.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀dọ́ ní, ó dáa, tó bá jẹ́ pé àlàáfíà ni iṣẹ́ omi yìí, kí la tún ń gbé igbá kiri fún? Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje, kí ìgbìmọ̀ máa parí ìjà. Ẹni méjì tí wọ́n kọ́kọ́ pè ni Bàbá Múfú, mùsùlùmí, àti Bàbá Jóṣúà, aládùúrà. Oko wọn pààlà. Ọdọọdún ni ewúrẹ́ ẹnì kan ń jẹ ẹ̀gẹ́ ẹnì kejì, ọdọọdún ni wọ́n ń jà, ọdọọdún ni wọ́n sì ń mu omi ara wọn. Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Bàbá Múfú kọjú sí ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, ó ní, "Nígbà tó jẹ́ pé òjò Ọlọ́run là ń wá, mo gbé ìbínú mi mì pẹ̀lú omi Jóṣúà. Ìwọ ọmọ àná yìí, ṣé ìwọ lò ń rọ òjò?"

Bàbá Jóṣúà náà ní, "Bí mo bá kọ́kọ́ na ọwọ́, wọ́n á ní èmi ni mo jẹ̀bi. Omi yẹn ò bi wá pé ta ló jẹ̀bi. Ẹ̀yin lẹ̀ ń bèèrè."

Wọ́n tú ká. Àwọn ará ilé Múfú gbè é, àwọn ará ìjọ Jóṣúà gbè é, àáró fọ́ sí méjì, ó fọ́ sí mẹ́ta, oníkálukú wá ń dá oko ẹ̀ ro. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Bàbá Jóṣúà ń dá igbó ṣán, àdá yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ṣá a lẹ́sẹ̀, ó gé iṣan. Ó pariwo títí. Lọ́dún mìíràn, èèyàn mẹ́wàá ni ì bá wà lórí oko yẹn pẹ̀lú ẹ̀, Múfú á sì wà nínú wọn. Oòrùn ń wọ̀ lọ kí ìyàwó ẹ̀ tó wá a débẹ̀. Ó yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀.

Mo lọ sọ fún Prọ́f. Mo rò pé á jágbe mọ́ mi, kò jágbe. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ó ní, "Sàlámá, o rí òpó tó gbé ilé dúró. O wá fà á yọ kí àwọn onílé lè rí i."

"Kí ni ká ṣe báyìí, sà?"

"Mi ò mọ̀."

Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin yẹn rí. Ìtìjú kò jẹ́ kí n débẹ̀ mọ́. Mo ṣiṣẹ́ ní Fìdítì, mo ṣiṣẹ́ ní Akínmọ̀ọ́rìn, mo ṣiṣẹ́ dé ibi tí ẹ ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, mo sì mọ iṣẹ́ mi dáadáa. Àmọ́ bí ọkọ̀ bá ti ń gba ọ̀nà Ìmíní, ojú fèrèsé kejì ni mò ń wò. Ó ju ogún ọdún lọ bẹ́ẹ̀, títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Àfi lọ́dún yìí. Ọ̀dá mú, ẹ̀yin náà rí i, iṣu ń jóná nínú ebè. Fóònù mi dún. Ohùn arúgbó ni.

"Sàlámátù, Ìyá Àgbà ni o. Mi ò tíì kú."

Mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀ mi, bí ẹni pé ó ń rí mi. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ó ní ó ti tó ọdún mélòó kan tí Bùfúnmimu ti padà, pé Múfú fúnra ẹ̀ ló lọ sẹ́nu ọ̀nà Jóṣúà lọ́dún kan tí ara ẹ̀ ò yá, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

"Ọ̀la là ń gbàdúrà òjò. Gbogbo wa ti mu tán. Ó ku ìwọ."

"Èmi kẹ̀, Ìyá? Àlejò ṣáà ni mí lọ́dọ̀ yín."

"Ẹni tó lè tú wa ká, ṣé àlejò nìyẹn?"

Mo bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ yìí wá. Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé nítorí àáró ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ìyá mi ti sọ ọ́ fún mi kí wọ́n tó bí ẹ. Gbogbo àgbà ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọrọ òjò, òjò ni kó máa tọrọ. Bó bá ti ń yọjú wo àáró, kò ní í rí òjò, kò sì ní í rí àáró."

Háà! Ẹ̀yin ọmọ, gbogbo ìwé tí mo kọ láyé mi, inú àpò obìnrin yìí ni wọ́n wà kí n tó ra bírò. Mo gun ọ̀kadà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Mi ò mú ìwé dání.

Bàbá Jóṣúà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pá ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Irun ẹ̀ ti funfun. Mo wo ẹsẹ̀ òsì yẹn, mo kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Ìyá Oníwèé, ṣé o wá kọ ọ́ ni?"

"Rárá, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù fún mi mu."

Kò dìde. Ó ń wò mí. "Jẹ́ n bi ẹ́ ní ìbéèrè tìẹ náà. Omi tí mo fẹ́ bù yìí, kí ló ń ṣe?"

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí mo fi ń bi àwọn ẹlòmíràn. Mo mọ èsì ẹ̀ sórí, mo lè sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo wá inú mi wò, mi ò rí èsì kankan níbẹ̀. Òùngbẹ ni mo rí.

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Ẹ ṣáà bù fún mi mu."

Ó wá fi ọ̀pá ti ara ẹ̀ dìde, ó wọ́ ẹsẹ̀ yẹn lọ sídìí àmù, ó wọ́ ọ padà. Kò jẹ́ kí ìyàwó ẹ̀ bá a gbé igbá. Ó tọ́ ọ wò, ó gbé e fún mi lọ́wọ́ méjèèjì. Mo mu ún pẹ̀lú ẹkún, mo mu ún tán. Lọ́jọ́ kejì mo dúró sórí pápá láàrin àwọn obìnrin. Ẹ má bi mí iye àwa tá a wà níbẹ̀, mi ò kà á. Òjò ni mo ń tọrọ.

Mo pe Prọ́f ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ròyìn gbogbo ẹ̀ fún un. Ó ti dàgbà gan-an, kì í jáde nílé mọ́, àmọ́ ìbéèrè ẹ̀ ò yí padà: ta ló wá, ta ni kò wá, ta ló dúró ti ta? Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò wò." Mo rò pé á bínú. Ó kàn ní kí n kí ará ilé.

Ní ọjọ́ kẹta, ní ọ̀sán, mo wà nínú ilé mi ní Ìlọrà, fóònù dún. Prọ́f ni. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, èmi ni mo máa ń pè é.

"Sàlámá," ó ní. "Òjò ńkọ́?"

Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, mo na fóònù síta, sábẹ́ páànù, níbi tí òjò ti ń dà gìdìgìdì láti bí ìdajì wákàtí. Mo jẹ́ kó gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí mo gbé e padà sétí, mo gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ó ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀."